Ẹmọ́ Òyìnbó Tó Ń Rùn Nínú Ilé Mi

Òkú eku ni mo kọ́kọ́ rò pé ó wà lókè àjà. Òórùn náà bẹ̀rẹ̀ bí eré ní Mọ́ńdé kan nígbà ọyẹ́, ó ń yọ́ bọ̀ láti apá fèrèsé pálọ̀, títí ó fi di Tọ́sìdeè tí n kò lè jókòó jẹun níbẹ̀ mọ́. Mo gbé àkàsọ̀, mo gun òkè àjà, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo orígun. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe eruku àti ẹsẹ̀ bàtà ọmọdé kan ṣoṣo. Ẹni tó gbé e débẹ̀, èmi ò mọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sún àga, mo sún kọ́bọ́ọ̀dù, mo ń bá pákó jà. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe èmi ló yẹ kó máa gun àkàsọ̀ kiri mọ́.

Nígbà tó rẹ̀ mí, mo jókòó, àyà mi ń lù kì-kì-kì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí ẹmọ́ òyìnbó ń họra nínú àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo tẹ orí wo inú àpótí náà, mo sì yára gbé orí mi kúrò. Òkú eku ni mo ń wá kiri, eku alààyè ló ń rùn.

Kí n tó lọ jìnnà, mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, nítorí ní Òmù-Àrán níbí, bí àgbà bá ní òun ń sin eku nínú pálọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n tètè wá ọmọ rẹ̀ kàn. Kì í ṣe ẹmọ́ oko tí àwọn ọmọdé ń dẹ ni mò ń wí. Èyí kò nírù rárá. Ara rẹ̀ ṣù bí iṣu kékeré, ó ní àwọ̀ dúdú, ó ní funfun, ó ní àwọ̀ eérú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú débi pé bó bá ń sáré, ẹ ó rò pé ẹnìkan ń fi okùn fà á ni. Koríko eéran ló ń jẹ, àti ewé ọ̀dùnkún, bí mo bá sì bó ọsàn, ó ń retí tirẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá gbọ́ ìró ọ̀rá tí mo fi ń kó koríko bọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, wíì, wíì, wíì, á gba gbogbo ilé kan. Àwọn òyìnbó a máa sìn ín bí ẹni sin ológbò. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ ní ẹmọ́ òyìnbó. Ọmọ-ọmọ mi ní orúkọ mìíràn fún un, ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn ni, n kò sì lè máa fi orúkọ èèyàn pe eku.

Ọmọ-ọmọ mi yẹn ló ni ín. Ìyá rẹ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún èmi àti ìyàwó mi. Ìlọrin ni wọ́n ń gbé nígbà náà. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà, wọ́n kó lọ sí Kánádà, wọn ò sì lè gbé eku wọ bàálù. Ọmọ náà sunkún láti Ìlọrin dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìyàwó mi gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Lọ, ọkọ mi, ó dọwọ́ mi." Èmi dúró sẹ́yìn, mo ń rojọ́ pé a ti fi ilé tíṣà ṣe ilé eku.

Ìyàwó mi tọ́jú ẹranko náà ju bí mo ṣe lérò lọ. Ní gbogbo Sátidé, á da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, á gbé e sí i, á máa fi ọṣẹ fọ ìdí rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Mo máa ń bú u. Mo ní, "Ṣé Ọlọ́run ló rán ọ pé kó o máa wẹ ìdí eku ni?" Òun á ní, "Ẹ dákẹ́ jàre, ẹ ò mọ nǹkan kan." Òótọ́ ló sọ. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí ní ìmọ́tótó, n kò sì mọ nǹkan kan.

Ìyàwó mi kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń já koríko, èmi ni mò ń pààrọ̀ èyí tó ti tutù lábẹ́ ẹmọ́, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò sí ọjọ́ kan tó wá sí mi lọ́kàn pé ìdí wà tí ìyàwó mi fi ń fọ ìdí yẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ eku yìí le tó bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo Sátidé, ọmọ mi máa ń pè mí láti Kánádà, ìpè tó ní àwòrán. Èmi a gbé fóònù sétí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n láti ilẹ̀ wá, kí òun tó ní, "Bàbá, etí yín ni mò ń wò." Á kí mi. Á ní, "Ṣé dáadáa ni?" Mo ní dáadáa ni. Á ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́?" Mo ní ó ti lọ sílẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà á ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, bàbá àgbà. Ẹ fi hàn mí." Ẹmọ́ òyìnbó ló ní kí n fi hàn òun. Mo gbọ́dọ̀ kọjú fóònù sí àpótí, mo gbọ́dọ̀ mú un dání, nígbà mìíràn fún ogójì ìṣẹ́jú, títí apá mi á fi kú. Ẹ gbé e kí n rí ikùn ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí èékánná ẹ̀. Kí ló jẹ láàárọ̀? Ẹ fún un ní ewé kí n rí bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ mi nìkan ni ọmọ-ọmọ mi ń rí nínú gbogbo èmi yìí.

Kí n má parọ́, ó ń dùn mí. Ẹ wo àgbàlagbà tó ń jowú eku. Ṣùgbọ́n bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bí wọn ò bá pè mí nítorí èmi, kí wọ́n máa pè nítorí eku, ohùn wọn ṣáà ń wọ inú ilé. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú yẹn, ó tún di Sátidé mìíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn tó ń ta káàdì nìkan ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Mo lè wà láti ìsìn Sọ́ńdè títí di Wẹ́sìdeè kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Mo mọ̀ dájú pé lọ́jọ́ tí eku yìí bá kú, fóònù yẹn dákẹ́ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí nígbà tí mo gbé e jáde ní Tọ́sìdeè yẹn. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Níbi tí ìrù ì bá wà ká ní ó nírù, irun rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ó ń yọ̀ bí ìkòkò tí a fi dín àkàrà. Nǹkan kan bí ìda, àwọ̀ bíi ti tábà, ti gan mọ́ ibẹ̀. Mo fi èékánná kàn án, òórùn rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ mi títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Awọ abẹ́ rẹ̀ pọ́n.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, bí nǹkan bá ṣe awọ, òrí ni. Imú ọmọ tó dí, òrí. Gìgísẹ̀ tó là nígbà ọyẹ́, òrí. Ajá tó fara gbọgbẹ́, òrí ni wọ́n ń fi pa á. Ilẹ̀kùn ilé mi tó ń ké, òrí ni mo fi sí i, ó sì dákẹ́. Ìyá kan wà ní ilé kejì sí mi, ará Òkè-Onígbìn ni, ó ń ta òrí. Bí ààwẹ̀ bá ti tán, á bù mí ní ike kan ọ̀fẹ́, nítorí mo kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé. Mo ké sí i kó wá bá mi wò ó. Ó fi aṣọ bo imú, ó ní, "Tíṣà, ẹ fi òrí sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ ò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́."

Mo fi sí i. Mo fi sí i dáadáa, ó sì ń dán. Lọ́jọ́ kẹta inú mi ti ń dùn, mo rò pé mo ti di dókítà. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, eruku ọyẹ́ àti ìyàngbò koríko ti rọ́ sínú òrí, gbogbo rẹ̀ ti di èépá kan tó le. Òórùn ti kúrò ní ti eku, ó di ti ẹran tó bàjẹ́. Abẹ́ rẹ̀ wú. Ó kọ́kọ́ tó hóró ẹ̀pà. Nígbà tó fi di Fúráìdeè, ó ti tó èkùrọ́. Ẹmọ́ òyìnbó ń yíjú padà láti gé ibẹ̀ jẹ, kò sì súfèé fún ọ̀rá koríko mọ́. Mo gbọn ọ̀rá náà létí rẹ̀ títí. Ó kàn wò mí ni.

Sátidé àkọ́kọ́ dé, mo ti fi òrí pa á. Ọmọ-ọmọ mi ní kí n fi hàn òun. Mo fi orí rẹ̀ hàn án, mo fi ọwọ́ kejì bo ìdí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ yí i padà." Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, mo sì pa fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Ní Sátidé kejì, irú kan náà. Mo ní oorun ló ń kùn ún. Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Kì í sùn báyìí." Mo tún pa fóònù.

Ẹ má tètè dá mi lẹ́bi. Bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa nìyẹn. Ẹni tó wà lókè òkun, a kì í sọ ohun búburú fún un. Kí ni yóò ṣe sí i? Ṣé yóò fò wá ni? Ọkàn rẹ̀ yóò kàn dàrú lẹ́nu iṣẹ́ àwọn òyìnbó ni. Nígbà tí àìsàn kọlu ìyàwó mi, òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Ẹ má sọ fún ọmọ yín o, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde." Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń sọ fún ọmọ mi pé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà, ìyá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ ń wẹ̀. Bí ìyàwó mi bá ní agbára díẹ̀, á wé gèlè, á jókòó, á kí i fún ìṣẹ́jú méjì, á tún padà sùn. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun là ń tu jáde. Inú fóònù ni ọmọ mi ti wo ìsìnkú ìyá rẹ̀. Kò bínú sí mi lójú gbogbo ayé. Ó kàn jẹ́ pé láti ìgbà náà ni ìkíni rẹ̀ ti kúrú, tó sì ń tètè gbé fóònù fún ọmọ. Mo rò pé bí ọ̀nà ṣe jìn náà ló fà á.

Ní Mọ́ńdé tó tẹ̀ lé e, mo mú kápúsù kan lára oògùn tó kù nínú dúrọ́ọ̀, èyí tí ara rẹ̀ dúdú apá kan tó pupa apá kan, tí gbogbo wa ń lò fún egbò. Mo tú u, mo pò ó mọ́ omi, mo fẹ́ rọ ọ́ fún ẹmọ́. Ó pa ẹnu dé pátápátá. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Kò yanu. Inú bí mi, mo da oògùn náà nù, mo gbé e sínú páálí, mo wọ bàtà mi, mo dá ọ̀kadà dúró, mo ní kó gbé mi lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.

Ọlọ́kadà náà ń yí imú kiri. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ gbé?" Mo ní kó máa wo ọ̀nà.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, wọ́n mú ewúrẹ́ àti ajá kan dání. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó wà nínú páálí, ọ̀kan ní, "Bàbá, ata rodo méjì, èyí ti tó ọbẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo dá a lóhùn lọ́nà tí kò yẹ alàgbà ìjọ bíi tèmi. Ó yíjú sí ewúrẹ́ rẹ̀.

Obìnrin ni dókítà ẹran náà, ọ̀dọ́ ni, kò lè ju ọmọ mi lọ. Bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, irun ewúrẹ́ lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ àdúgbò wa. Yorùbá ilé-ìwé ló fi kí mi, èmi sì fi Ìgbómìnà dá a lóhùn, nítorí n kò sí nílé-ìwé mọ́. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó rí ẹmọ́. Ó gbé e, ó yí i padà, ó wo ìdí rẹ̀, ó wò mí.

"Bàbá, kí lẹ fi sí i?"

"Òrí."

Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá, òróró ló pọ̀ jù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ tún wá fi òróró lé òróró."

Ó mú ọwọ́ mi, ó fi ìka mi kan ibẹ̀, ó ṣàlàyé fún mi bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Ó ní níbi tí ìrù ì bá ti hù yẹn, ìsun òróró kékeré kan wà lábẹ́ awọ. Gbogbo wọn ló ní in. Ti akọ ló máa ń pọ̀ jù, pàápàá akọ tó ti dàgbà. Òróró yẹn ni ẹranko náà ń nù mọ́ ilẹ̀ àti ara ògiri, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan ń gbé ibẹ̀.

Mo ní, "Kò ní ẹgbẹ́ kankan."

Ó ní, "Òun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Ó ń ṣe tirẹ̀ lọ."

 Mo ń wo ògiri. Ó ní bí a kò bá máa fọ ibẹ̀, òróró náà á gbẹ, á di ìda, á dí ojú ìsun náà, ìdọ̀tí á wọlé, á sì di oówo. Ó ní, "Ta ló ń fọ̀ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n padà sẹ́nu ẹ̀."

"Ó ti ṣaláìsí."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lára ẹmọ́. Ó ní, "Ọlọ́run á tù yín nínú, sà." Nígbà tó yá ó ní, "Ǹjẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́ ẹ̀yin."

Ó rẹ́ irun tó wà níbẹ̀ kúrò. Ó fi òwú bọ òróró àgbọn díẹ̀, ó fi lé orí ìda náà, ó sì ní kí a dúró fún ìgbà díẹ̀. Mo ní, "Òróró náà nìyẹn o." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n eléyìí wá láti tú u ni, kò wá gbé ibẹ̀. Lóòótọ́, nígbà tó fi òwú mìíràn nù ún, ìda náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló wá fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ fọ̀ ọ́, ó ṣan án, ó tún fọ̀ ọ́. Oówo náà wá hàn gbangba. Ó fún un lábẹ́rẹ́ kí ó má bàa jẹ̀rora, ó là á, ó fún ọyún rẹ̀ jáde. Mo mú orí ẹmọ́ dání. Ọkàn rẹ̀ ń sáré lábẹ́ ìka mi. Mo ń sọ fún un pé kó ní sùúrù, ó ti fẹ́ parí, níṣojú àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Dókítà ní ká dúpẹ́ pé ọyún ni. Ó ní bí a bá ti fọ ibẹ̀ mọ́ tí kókó líle kan ṣì wà níbẹ̀ tí kò lọ, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n máa gé kúrò. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ kápúsù fún un, pé mo fẹ́ fún un ló kọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Bàbá, ká ní ó gbé e mì ni, yóò kú. Inú wọn kò gba oògùn yẹn. Á pa ohun rere tó ń bá wọn lọ koríko nínú ikùn, wọ́n á sì gbuuru títí wọ́n á fi kú." Ó fún mi ní oògùn olómi mìíràn, ó fi abẹ́rẹ́ tí kò ní ẹnu wọn ìwọ̀n rẹ̀ fún mi. Mo gbé páálí mi. Mo ti jáde kí n tó rántí pé n kò dúpẹ́, mo padà lọ dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò ráyè. Láàárọ̀, omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́, òwú, kí ojú egbò náà má bàa tètè dí kí inú rẹ̀ tó jinná. Lọ́sàn-án, koríko tuntun, aṣọ mímọ́ lábẹ́ rẹ̀ dípò ìyàngbò. Nírọ̀lẹ́, omi iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, oògùn ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Orí ẹsẹ̀ mi ló ń jókòó sí, lórí aṣọ inura. Mo ń bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un nípa owó ìfẹ̀yìntì, mo sọ fún un nípa alága ìjọ wa tí kò mọ̀ọ́ka, mo sọ fún un pé obìnrin tó ń wẹ̀ ẹ́ gbọ́n jù mí lọ. Ọdún méjì ni nǹkan tó gbóná tó ń mí kò ti sinmi lára mi. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ àfi lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìyá tó ń ta òrí yọjú. Mo ní, "Òrí yín fẹ́ pa á." Ó ní kí ló dé tí n kò sọ pé ìdí ni, òun rò pé ẹ̀yìn ni. Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣu tó gbé wá fún mi.

Ní Sátidé kẹta, egbò náà ṣì pọ́n, ìdí rẹ̀ sì pá. Orí ni mo tún fi han ọmọ náà. Kò sọ pé kí n yí i padà mọ́. Ó kàn ní, "Ó dáa, bàbá àgbà," ó sì fi fóònù sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo jókòó pẹ̀lú fóònù náà lọ́wọ́ títí iná rẹ̀ fi kú. Mo sọ fún ara mi pé ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó ti ń sú u.

Ẹmọ́ súfèé ní Túsìdeè. Mo ń tú ọ̀rá lásán ni, n kò retí nǹkan kan, ó ní wíì. Mo dúró sójú kan. Ó tún un ṣe. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ pẹ̀lú koríko lọ́wọ́, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Sátidé kẹrin dé. Mo ti pinnu pé n ó sọ òótọ́, kí ọmọ náà rí ìdí pípá, kó bínú bó bá fẹ́ bínú. Aago mẹ́rin kò tíì lù tí fóònù fi dún. Ọmọ mi ni. Kò kí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ló ń ṣe yín?"

Mo ní, "Èmi? Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ẹmọ́ ni." Mo sì kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: òórùn, òrí, oówo, dókítà. Mo ní kó bá mi bẹ ọmọ rẹ̀, kó má torí ẹ̀ dẹ́kun pípè mí. Mo gbé ẹmọ́, mo kọ ìdí rẹ̀ sí fóònù. Mo ní, "Ó ti jinná. Ẹ wò ó. Irun rẹ̀ nìkan ló kù."

Ọmọ mi sún mọ́ fóònù. Ó ní, "Ẹmọ́ nìkan ni? Ẹ̀yin ò ṣàìsàn?"

"N kò ṣàìsàn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Bàbá, láti ìgbà màmá, mi ò lè gba 'dáadáa ni' gbọ́ lẹ́nu yín mọ́. Mo ti gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Èmi ni mo ní kí ọmọ-ọmọ yín máa ní kí ẹ fi ẹmọ́ han òun. Bí koríko rẹ̀ bá tutù, mo mọ̀ pé ẹ jáde nílé lọ́jọ́ náà. Bí àpótí rẹ̀ bá mọ́, mo mọ̀ pé ẹ ṣì lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ yín ni mò ń wò, bóyá ó ń gbọ̀n, bóyá ó ti rù. Gbogbo ogójì ìṣẹ́jú yẹn, ẹ̀yìn ọmọ ni mo máa ń dúró sí. Sátidé mẹ́ta lẹ fi ń fi orí nìkan hàn wá. Mi ò sùn. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, mò ń wá bàálù."

Ọmọ náà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ibì kan. Ó ní, "Mọ́mì ní ẹmọ́ kì í parọ́."

 Ọdún méjì ni mo fi ń jowú eku.

Ọmọ mi nu ojú. Ó ní, "Bàbá, báwo ni?"

Ẹnu mi ti là, "dáadáa ni" ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ara mi le. Ṣùgbọ́n ilé yìí dá jù, ọmọ mi. Mò ń se oúnjẹ èèyàn méjì, mò ń da ìdajì rẹ̀ nù. Àárò màmá rẹ ń sọ mí, àárò yín ń sọ mí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

 Ẹmọ́ òyìnbó ń jẹ koríko lórí ẹsẹ̀ mi.

Ọmọ-ọmọ mi ní, "Bàbá àgbà, ẹ kọ fóònù sí ojú yín."

Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Mi ò tíì fá irùngbọ̀n láti ọjọ́ mẹ́rin, omi ojú sì ti gba inú rẹ̀ kọjá, n kò nù ún.